Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ohun Tó Ń Ṣẹlẹ̀ sí Ọ́dà Íntánẹ́ẹ̀tì Lẹ́yìn Tí Ẹ Bá Ti Sanwó

Àwọn lẹ́tà tó wọlé sí wa lóṣù yìí láti Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà fẹ́rẹ̀ẹ́ dá lórí ọ̀rọ̀ kan náà, ìyẹn ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ń ṣe sí ìbéèrè oníbàárà láàárín ọjọ́ tí ó sanwó àti ọjọ́ tí ohun tí ó rà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. A mú díẹ̀ nínú wọn.

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń tẹ ìwé ní Lágere, Ilé-Ifẹ̀. Mo ra íntánẹ́ẹ̀tì olókùn fáíbà, pẹ̀lú ráútà àti nọ́ńbà tẹlifóònù kan tí yóò máa gba orí okùn náà ṣiṣẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ wá, wọ́n fa okùn láti ara òpó, wọ́n gbé ẹ̀rọ kọ́ ara ògiri, wọ́n sì lọ. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì báyìí, íntánẹ́ẹ̀tì kò wọlé. Ìgbàkígbà tí mo bá pè wọ́n, èsì kan náà ni mo ń gbọ́: “Ọ́dà yín ń lọ lọ́wọ́.” Kí ló ń lọ lọ́wọ́ gan-an, nígbà tó jẹ́ pé wọ́n ti ṣe é tán lójú tèmi? — Ìyá Oníwèé, Lágere

Ìyá wa, ẹ kú sùúrù. Okùn àti ẹ̀rọ tí ẹ fojú rí jẹ́ apá kan péré nínú ọ́dà yín, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé apá yẹn nìkan ló tíì parí.

Ohun kan ṣoṣo ni ẹ rà lójú ara yín. Ṣùgbọ́n ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ fi ń bójú tó ọ́dà, èyí tí àwọn tó wà nídìí rẹ̀ ń pè ní order management, kì í rí i bẹ́ẹ̀. Kí ọ́dà tó kúrò lọ́wọ́ ẹni tó gbà á sílẹ̀, ètò náà yóò kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò: ṣé orúkọ oníbàárà bá NIN rẹ̀ mu, ṣé owó ti wọlé, ṣé ọjà tí ó yàn ṣì wà nínú àkójọ ọjà ilé-iṣẹ́, ṣé ó sì ṣeé tà pọ̀ mọ́ èkejì rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni yóò wádìí bóyá iṣẹ́ lè dé àdírẹ́sì náà. Ní ti fáíbà, àpótí kékeré kan tí wọ́n ń pè ní splitter ló ń pín okùn kan sí ọ̀pọ̀ ilé, ó sì sábà máa ń jẹ́ ilé 32 tàbí 64. Bí ihò rẹ̀ bá ti kún, kò sí ibi tí wọn yóò ki okùn yín bọ̀, bí òpó náà tilẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yín. Bí ihò bá ṣẹ́kù, ètò náà yóò dí ọ̀kan mú lórúkọ yín kí ẹlòmíràn má baà gbà á.

Ìgbà yìí ni títú ọ́dà sí wẹ́wẹ́ yóò wá bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọgbọ́n ètò náà wà. TM Forum, ẹgbẹ́ àgbáyé fún àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ lábẹ́ orúkọ mìíràn ní ọdún 1988, pín ọ́dà sí ìpele mẹ́ta, ìyẹn ọ́dà ọjà, ọ́dà iṣẹ́ àti ọ́dà ohun èlò, ó sì ṣe ìlànà kọ̀ọ̀kan tí kọ̀ǹpútà kan yóò fi máa bá òmíràn sọ̀rọ̀ lórí wọn: TMF622 fún ọjà, TMF641 fún iṣẹ́, TMF652 fún ohun èlò. Ọjà ni orúkọ tí ẹ rí lórí ìwé ìpolówó wọn. Iṣẹ́ ni ohun tí ọjà náà yóò máa ṣe fún yín, tí í ṣe íntánẹ́ẹ̀tì àti ìpè tẹlifóònù. Ohun èlò ni ihò ara splitter, ẹ̀rọ ara ògiri, ráútà, nọ́ńbà tẹlifóònù, àti àkáǹtì tí ráútà yóò fi wọlé sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Oníbàárà kì í rí ju ìpele àkọ́kọ́ lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ìpele kẹta ni wàhálà ti máa ń ṣẹlẹ̀ jù.

Lẹ́yìn tí ètò náà bá ti tú ọ́dà tán, yóò to àwọn iṣẹ́ kéékèèké náà gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan ṣe gbọ́dọ̀ ṣáájú èkejì. Bí ẹni ń kọ́lé ni: ẹnikẹ́ni kì í kan òrùlé kí ògiri tó dúró, ṣùgbọ́n káfíńtà lè máa gbẹ́ ilẹ̀kùn ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ nígbà tí bíríkìlà ṣì ń mọ ìpìlẹ̀. Bákan náà, wọ́n lè máa wá nọ́ńbà tẹlifóònù fún yín nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ṣì ń fa okùn, àmọ́ ẹ̀rọ ńlá tó wà ní ibùdó ilé-iṣẹ́ kò lè dá ẹ̀rọ ara ògiri yín mọ̀ títí wọn yóò fi fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Ìgbà tó bá dá a mọ̀ tán ni íntánẹ́ẹ̀tì yóò tó gba ibẹ̀ kọjá, ìgbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá ti kọjá ni nọ́ńbà tẹlifóònù yóò tó dún, ìgbà tí wọ́n bá sì ti dán gbogbo rẹ̀ wò ni ó yẹ kí kíka owó oṣù tó bẹ̀rẹ̀.

Bí gbogbo nǹkan bá lọ déédéé, kọ̀ǹpútà ni yóò ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Bí ọ̀kan bá kọ̀, ètò náà yóò gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bó bá tún kọ̀, yóò gbé e sọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ títún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe, gbogbo iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò sì dúró. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo fura pé ọ́dà yín wà, nítorí pé ohun tó ń fa irú èyí jù lọ ni kí ohun tó wà lára ògiri yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú ìwé. Òṣìṣẹ́ gbé ẹ̀rọ kan kúrò ní ọ́fíìsì, ẹ̀rọ náà kọ̀ láti tan nígbà tó dé Lágere, ó mú òmíràn nínú mọ́tò rẹ̀, ó gbé e kọ́, kò sì ròyìn rẹ̀. Tàbí ó bá splitter tí wọ́n yàn fún un pé ó ti kún, ó so okùn mọ́ èyí tó wà lórí òpó kejì, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Òṣìṣẹ́ ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ bó ti yé e, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ṣì ń wá ẹ̀rọ tí kò sí ní ṣọ́ọ̀bù yín, tàbí kí ó máa wá a ní ibi tí okùn yín kò gbà.

Ẹ lè fi ojú ara yín wo díẹ̀ nínú rẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ara ògiri, iná kan wà tí wọ́n kọ LOS sí, òmíràn sì wà tí wọ́n kọ PON sí. Bí LOS bá ń tàn pupa, ìmọ́lẹ̀ kò dé inú okùn yín rárá, okùn sì ni kí wọ́n wá tún ṣe. Bí LOS bá kú ṣùgbọ́n tí PON ń ṣẹ́jú láìdúró, ìmọ́lẹ̀ ń dé, àmọ́ ibùdó kò tíì gba ẹ̀rọ yín wọlé. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ ni kí ẹ fura sí. Bí PON bá dúró gírí tí íntánẹ́ẹ̀tì kò sì sí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àkáǹtì ni wọn kò tíì ṣí, tàbí pé ráútà kò tíì ní àṣẹ ìwọlé tó tọ́. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, ẹ ó rí nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó sábà máa ń ní àmì 12, tí lẹ́tà mẹ́rin àkọ́kọ́ dúró fún ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, bíi HWTC fún Huawei tàbí ZTEG fún ZTE. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá tún pè wọ́n, ẹ fún wọn ní nọ́ńbà ọ́dà yín, ẹ ní kí wọ́n ka nọ́ńbà ẹ̀rọ tó wà lórí ọ́dà náà sí yín létí, kí ẹ sì béèrè iṣẹ́ tí ó dúró lé lórí nínú ọ́dà náà. “Ó ń lọ lọ́wọ́” kì í ṣe èsì, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ojú ìwé tó wà níwájú ẹni tó gbé fóònù yín yóò máa pe gbogbo ọ́dà tí kò tíì parí, yálà ó ń rìn ni o, tàbí ó ti há láti ọjọ́ kejì.

Bólórundúró ní Iléṣà ni mò ń gbé. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí mo ra íntánẹ́ẹ̀tì, mo ní kí wọ́n bá mi sọ ọ́ di èyí tó yára jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì gbà. Àbúrò mi ní kí wọ́n gbé tirẹ̀ kúrò ní ilé àtijọ́ lọ sí ilé tuntun rẹ̀ ní Ìsọ̀kùn, wọ́n ní àfi kí ó fagi lé ọ́dà kí ó tún bẹ̀rẹ̀. Ṣé kì í ṣe ojúsàájú ni? — A. O., Iléṣà

Kì í ṣe ojúsàájú. Bí ẹ bá yí ọ́dà tó ti wà lójú ọ̀nà padà, ètò náà yóò gbé èyí àtijọ́ ti tuntun, yóò wo ohun tó yàtọ̀, yóò sì pinnu iṣẹ́ tí yóò fi sílẹ̀ bó ti wà, èyí tí yóò tún ṣe, àti èyí tí yóò tú palẹ̀. Ẹ̀yìn ni ó ti máa ń bẹ̀rẹ̀ títú náà, ohun tí wọ́n ṣe kẹ́yìn ni wọ́n ń kọ́kọ́ tú. Kíkún ìyára kò kan okùn, kò kan ihò, kò kan ẹ̀rọ. Ìlà ìtọ́ni kan péré lórí kọ̀ǹpútà ní ibùdó ni ó yí padà. Àdírẹ́sì tuntun ń fẹ́ splitter mìíràn, ìwádìí mìíràn àti òṣìṣẹ́ mìíràn, nítorí náà ọ́dà mìíràn gan-an ni.

Ibì kan sì wà nínú gbogbo ọ́dà tí ó bá ti kọjá, kò sí àyípadà mọ́. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu ibi tí yóò fi ààlà náà sí. Fún fáíbà, ó sábà máa ń jẹ́ ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ bá ti gbéra wá sílé oníbàárà. Ó yẹ kí wọ́n máa sọ èyí fún ènìyàn kí ó tó sanwó, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni àwọn tó ń sọ ọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni mí. Mo gbé nọ́ńbà mi láti nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan lọ sí òmíràn, síìmù àtijọ́ kú, tuntun kò sì tíì jí títí di ìrọ̀lẹ́. Kí ló dé? — T., Ilé-Ifẹ̀

Àbúrò wa, ọ́dà tìrẹ jẹ́ èyí tí ilé-iṣẹ́ méjì jọ ń ṣe. Láti oṣù kẹrin ọdún 2013 ni àjọ NCC, tí ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, ti fi àyè gba gbígbé nọ́ńbà kiri. Ìwọ fi ọ̀rọ̀ PORT ránṣẹ́ sí 3232, ilé-iṣẹ́ tí ò ń lọ bá gbé ìbéèrè náà lọ sí ibùdó àárín, èyí tí ò ń fi sílẹ̀ yẹ̀ ọ́ wò, ó sì gbà. Lẹ́yìn náà ni ti àtijọ́ yóò yọ nọ́ńbà náà kúrò lórí ẹ̀rọ rẹ̀, tuntun yóò so ó mọ́ síìmù tí wọ́n fún ọ, gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì yòókù yóò sì tún ìwé wọn kọ kí wọ́n lè mọ ibi tí wọn yóò máa gbé ìpè rẹ gbà. Àlàfo tó wà láàárín yíyọ àti síso ni ìwọ bọ́ sí. Wákàtí 48 ni gbèdéke gbogbo rẹ̀. Owó ìpè tó ṣẹ́kù lórí síìmù àtijọ́ kì í tẹ̀ lé ọ, o kò sì lè tún gbé nọ́ńbà náà lójú ẹsẹ̀.

Mo tẹ \*312# láti ra dátà, kò dáhùn, mo tún un tẹ̀, wọ́n yọ owó mi lẹ́ẹ̀mejì. — Bàbá Àgbà, Ìsọ̀kùn

Bàbá, ọ́dà ni ìyẹn náà, àmọ́ ìṣẹ́jú àáyá ló fi ń parí: kí wọ́n yọ owó, kí wọ́n fi dátà kún un, kí wọ́n fi ìròyìn ránṣẹ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé méjì àkọ́kọ́ ti parí, ìròyìn nìkan ni kò tètè dé. Ìgbà tí ẹ tún un tẹ̀, nọ́ńbà ọ́dà tuntun ni wọ́n fún un, kọ̀ǹpútà sì kà á sí ọjà kejì. Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ mìíràn, ẹ kọ́kọ́ tẹ \*323# kí ẹ wo iye dátà tó wà nílẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹ bá dátà ìlọ́po méjì níbẹ̀ báyìí.

Ilé-iṣẹ́ tó ti ń ka owó oṣù síni lọ́rùn kí íntánẹ́ẹ̀tì tó wọlé ń kọ́? — Oníbàárà kan, Mọdákẹ́kẹ́

Ìtòlẹ́sẹẹsẹ ọ́dà wọn ni kò dára. Ó yẹ kí ìdánwò ṣáájú kíka owó, ṣùgbọ́n àwọn kan tò ó kí owó bẹ̀rẹ̀ ní kété tí òṣìṣẹ́ bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun gbé ẹ̀rọ kọ́. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹjọ́ sun ilé-iṣẹ́ náà, kí ẹ sì gba nọ́ńbà ẹ̀sùn lọ́wọ́ wọn. Bí wọn kò bá dáhùn, ẹ pe NCC lórí 622, kò gba owó, ẹ sì ka nọ́ńbà ẹ̀sùn náà fún wọn, pẹ̀lú nọ́ńbà ọ́dà, ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí ka owó àti ọjọ́ tí íntánẹ́ẹ̀tì wọlé.