Bonaire: orí ilẹ̀ ni ìtọ́jú àpáta iyùn ti ń bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun tí ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀. Ẹ ní ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Bonaire, erékùṣù ilẹ̀ Netherlands kan nínú Òkun Caribbean, dé, pé iye ilé tó ń yọrí létí òkun níbẹ̀ bà yín lẹ́rù, ẹ sì ń béèrè bóyá ó yẹ kí ìjọba fi òǹkà sí iye ènìyàn tó lè wọ omi lójúmọ́ kí ibẹ̀ má baà bàjẹ́. Ẹ tún béèrè bóyá ó yẹ kí àwa tí a mọ erékùṣù náà panu mọ́ nípa rẹ̀, kí èrò má baà pọ̀ sí i.

Mo ṣiṣẹ́ amọ̀nà àwọn òmùwẹ̀, àwọn tó ń gbé afẹ́fẹ́ sẹ́yìn lọ sábẹ́ òkun, fún ọdún púpọ̀ níbẹ̀ kí n tó padà sí Rotterdam. Mo gbé agolo afẹ́fẹ́ sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù ní òwúrọ̀ títí ẹ̀yìn fi ń ro mí, mo sì jókòó nínú ìpàdé ìlú tí wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí gan-an mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ohun tí ojú mi rí ni pé omi Bonaire ní òfin, ó sì ní olùṣọ́. Ilẹ̀ rẹ̀ ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Tí ẹ bá fi òǹkà sí àwọn òmùwẹ̀, tí ẹ kò fi sí iye yàrá tí wọ́n ń kọ́, àpáta iyùn náà, èyí tí àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú òkun tí à ń pè ní iyùn fi ara wọn kọ́, á kú lójú yín.

Ẹ wo ti omi ná, nítorí wọ́n ṣe dáadáa níbẹ̀. Láti 1971 ni wọ́n ti fòfin de fífi ọ̀kọ̀ pa ẹja lábẹ́ omi. Ní 1975, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣẹ́ iyùn, kó o kúrò nínú omi tàbí tà á. Nígbà tó di 1979, wọ́n sọ gbogbo òkun tó yí erékùṣù náà ká di ọgbà ìtọ́jú, láti etí omi lọ dé ibi tí omi ti jìn wálẹ̀ tó 60 mítà. Ọmọ Amẹ́ríkà kan tí gbogbo ayé ń pè ní Captain Don Stewart, tó gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní 1962, wà lára àwọn tó jà fún un pé kí ọkọ̀ ojú omi yé ju ìdákọ̀ró sórí iyùn. Títí dòní, bọ́ọ̀lù líléfòó tí wọ́n fi okùn dè mọ́ ìsàlẹ̀ òkun ni ọkọ̀ àwọn òmùwẹ̀ ń so mọ́.

Àmọ́ òfin nìkan kò tó. Owó WWF, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká, ti ilẹ̀ Netherlands ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ọgbà yẹn. Nígbà tí owó náà tán ní àárín àwọn ọdún 1980, kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ mọ́, orúkọ lásán ló kù. Ọdún 1991 ni wọ́n tó jí i dìde. Ní 1992, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gba dọ́là 10 lọ́wọ́ òmùwẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́dún, owó yẹn di 25 ní 2005, ó di 45 ní 2019. Lónìí, dọ́là 40 ni àlejò ń san, ì báà jẹ́ òmùwẹ̀, ì báà jẹ́ ẹni tó kàn fẹ́ lúwẹ̀ẹ́. STINAPA, àjọ tó ń bójú tó ọgbà náà, ló ń gba owó yìí, òun ni wọ́n fi ń san owó oṣù àwọn olùṣọ́, tí wọ́n fi ń pààrọ̀ okùn tó bá gbó. Mo ti rí àlejò tó ń kùn pé owó náà pọ̀. Èmi kì í dá wọn lóhùn púpọ̀, mo kàn máa ń fi ọkọ̀ olùṣọ́ tó ń kọjá hàn wọ́n.

Ti òǹkà tí ẹ béèrè, kì í ṣe àròsọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn olùwádìí ṣe ìṣirò ní Bonaire, wọ́n ní bí àwọn òmùwẹ̀ bá wọ omi ní ojú kan, ìyẹn ibi kan ṣoṣo tí wọ́n ti ń wọ omi, tó ìgbà 4,000 sí 6,000 lọ́dún, ìbàjẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí hàn níbẹ̀. Àwọn ojú tó wà nítòsí òtẹ́ẹ̀lì ńláńlá ni èyí ń bá jù. Ṣùgbọ́n ojú tí wọ́n ti ń wọ omi ní Bonaire ju ọgọ́rin lọ. Òkúta tí wọ́n kun ní àwọ̀ yẹ́lò ló ń fi wọ́n hàn lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ ó kàn páàkì ọkọ̀ ni, ẹ ó gbé ẹrù yín kọ́rùn, ẹ ó rìn wọnú omi. Amọ̀nà tó bá mọṣẹ́ lè tú èrò ká láìsí òfin tuntun kankan.

Ohun tó tún ń gba iyùn là ni àyẹ̀wò ọjọ́ kìíní. Òfin ni pé àlejò gbọ́dọ̀ gbọ́ àlàyé, kó sì kọ́kọ́ wọ omi níwájú ilé iṣẹ́ tó ń fún un ní agolo afẹ́fẹ́ kó tó lọ síbòmíràn. Ibẹ̀ ni èmi ti máa ń yọ òjé, ìyẹn irin wíwúwo tí òmùwẹ̀ ń so mọ́ ìdí kó lè rì, kúrò nídìí ènìyàn. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń wá láti ibi tí omi ti tutù ń so òjé tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Òjé yẹn á fà wọ́n wálẹ̀, ẹsẹ̀ wọn á máa gbá iyùn, wọ́n á sì máa da iyanrìn sókè. Tí ẹ bá yọ kìlò méjì kúrò nídìí irú ẹni bẹ́ẹ̀, tí ẹ kọ́ ọ bó ṣe ń mí, ẹ ti ṣe ju kí ẹ wàásù fún un ní wákàtí kan lọ. Wọ́n tún fòfin de ìbọ̀wọ́. Mo fẹ́ràn òfin yẹn gidigidi, torí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà lófìfo kì í yá láti di nǹkan mú, pàápàá níbi tí iyùn tó ń ta bí iná bá wà. Àwọn tó ń ya fọ́tò ni ẹ máa ṣọ́ jù.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká gòkè sórí ilẹ̀ wàyí.

Erékùṣù ẹfun ni Bonaire. Òkúta rẹ̀ kún fún ihò, ohun tí ẹ bá dà sílẹ̀ níbẹ̀, òkun ló ń lọ. Òjò kì í pọ̀ níbẹ̀, nítorí náà omi òkun ni wọ́n ń yọ iyọ̀ kúrò nínú rẹ̀ kó tó wọ ẹ̀rọ tí gbogbo ilé ń lò. Ẹ rò ó wò: yàrá tuntun kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá kọ́, omi tí kò sí lórí ilẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń fà wá síbẹ̀. Ẹni tó gbà á sílé á fi wẹ̀, á fi fọ ìgbẹ́, á fi bomi rin òdòdó, omi náà yóò sì wọlẹ̀ pẹ̀lú ìdọ̀tí àti ajílẹ̀ tó bá a rìn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, sọ́kàwéè ni ọ̀pọ̀ ilé ń lò, títí kan àwọn tó wà létí òkun. Inú òkúta ni omi rẹ̀ ń gbà jáde sí ara iyùn. Iyùn fẹ́ràn omi tí kò ní oúnjẹ púpọ̀. Tí oúnjẹ bá ti pọ̀ nínú omi, ewé inú omi ló ń jẹ ẹ́ dàgbà, ewé yẹn á wá bo iyùn mọ́lẹ̀, àwọn ọmọ iyùn kò sì ní ráyè so mọ́ òkúta. Owó European Union bá wọn kọ́ ilé tí wọ́n ti ń fọ omi ẹ̀gbin, wọ́n sì fa páìpù sí àwọn ilé tó wà létí òkun ìhà ìlú. Ohun ńlá ni. Kìkì pé ilé ń yọ ní àwọn ibi tí páìpù kò dé.

Ìṣòro kejì ni òjò. Kì í pọ̀, ṣùgbọ́n tó bá dé ní ìparí ọdún, ó máa ń dà wìì. Ewúrẹ́ àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ń rìn kiri ti jẹ koríko orí òkè tán, erùpẹ̀ kò sì ní ohun tó dì í mú. Ohun tó ń gbà á dúró ni àwọn adágún omi iyọ̀ tó wà lẹ́yìn etíkun, tí wọ́n ń pè ní salina. Omi òjò á kọ́kọ́ wọ inú wọn, ẹrẹ̀ á rọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, omi tó bá kù ló ń dé òkun. Ẹ wá rí i pé ilẹ̀ salina yìí, lójú ẹni tó fẹ́ kọ́lé, ilẹ̀ lásán ni, tí ó ṣeé dí pa tàbí tí ó ṣeé gé lójú.

Mo rí i kedere ní àkókò kan tí wọ́n ń kọ́ òtẹ́ẹ̀lì kan. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n kó erùpẹ̀ jọ gègèrè létí ọ̀nà, láìfi nǹkan kan dí i. Òjò rọ̀ lóru. Nígbà tí mo kó àwọn àlejò mi débẹ̀ láàárọ̀, omi pupa. Nígbà tí omi fẹ́ẹ́ là lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, a rí ẹrẹ̀ kíkúnná tó bo iyùn bí ìda, àwọn iyùn tó rí bí ọpọlọ sì ń tu omi yíyọ̀ jáde láti fi fọ ara wọn. Agbára wọn ni wọ́n ń lò tán síbẹ̀. A ya fọ́tò, a mú un lọ sípàdé. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó ta aṣọ yí ibi iṣẹ́ náà ká. Kò sí òmùwẹ̀ kan tó lè ba nǹkan jẹ́ láàárín ọdún tó ohun tí òjò òru ọjọ́ kan yẹn bà jẹ́. Ohun tó fà á tí mo fi ń bínú títí di ìsinsìnyí nìyẹn, nígbà tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ àwọn òmùwẹ̀ nìkan.

Èrò sì ń pọ̀ sí i lóòótọ́. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹwàá 2010, Bonaire di ara Netherlands tààrà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ná dọ́là ní 2011. Ènìyàn tó ń gbé ibẹ̀ lọ́dún yẹn kò tó 16,000. Ní 2024, wọ́n ti lé ní 25,000. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe àlejò ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n wá ṣiṣẹ́ tàbí wá fẹ̀yìn tì síbẹ̀ ni. Àwọn ọmọ ìbílẹ̀ tí mo bá ṣiṣẹ́ ń wá ilé tí agbára wọn ká, wọn kò rí. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu wọn ní Papiamentu, èdè wọn, pẹ̀lú omi lójú, pé ilẹ̀ bàbá wọn ti di ti olówó. Ìdákẹ́jẹ́ tí ẹ fẹ́ràn níbẹ̀, àwọn ló ni ín kó tó di tiwa. Tí ìtọ́jú àyíká kò bá fi tiwọn ṣe, wọn kò ní gbè é lẹ́yìn, wọn kò sì ní jẹ̀bi.

Ní ti àwọn ọkọ̀ òkun ńlá tó ń já èrò sílẹ̀ fún ọjọ́ kan, ohun tí mo lè sọ kò pọ̀. Àwọn èrò náà kì í sùn níbẹ̀, púpọ̀ wọn kì í sì í wọ omi jìn. Wọ́n ń kún etíkun Sorobon àti ìgboro Kralendijk tó jẹ́ olú ìlú, ìyẹn máa ń ni ènìyàn lára, owó tí wọ́n sì ń ná kéré lójú mi. Ó yẹ kí wọ́n dín in kù. Síbẹ̀, yàrá tó wà fún ọgbọ̀n ọdún wúwo lórí ilẹ̀ ju ọkọ̀ tó ń lọ nírọ̀lẹ́.

Ẹ wo Sipadan, erékùṣù kan tí àwọn òmùwẹ̀ ń lọ ní Malaysia. Wọ́n ní òǹkà níbẹ̀ lóòótọ́, ìwé àṣẹ níye níye lójúmọ́. Ṣùgbọ́n kó tó di pé òǹkà yẹn ṣiṣẹ́, wọ́n kọ́kọ́ lé gbogbo òtẹ́ẹ̀lì kúrò lórí erékùṣù náà ní ìparí 2004. Ní Bonaire fúnra rẹ̀, iṣẹ́ tó tóbi jù tí mo mọ̀ tí wọ́n ṣe ni ti Klein Bonaire, erékùṣù kékeré tó wà níwájú ìlú, tó fẹ̀ tó nǹkan bí hẹ́kítà 700. Láti 1868 ni wọ́n ti tà á fún aládàáni. Àwọn kan fẹ́ kọ́ òtẹ́ẹ̀lì síbẹ̀. Àwọn ará ìlú dìde, wọ́n wá owó tó tó mílíọ̀nù dọ́là márùn-ún, wọ́n rà á padà ní 1999, ó sì wọ inú ọgbà ìtọ́jú ní 2001. Kò sí òtẹ́ẹ̀lì kankan lórí rẹ̀ títí dòní, ìjàpá òkun sì ń yé ẹyin sí iyanrìn rẹ̀. Ilẹ̀ ni wọ́n rà o, ẹ̀gbọ́n.

Mo sọ gbogbo èyí nítorí àpáta náà kò ní agbára tó ní tẹ́lẹ̀ mọ́. Ní oṣù kẹta 2023, àrùn tó ń bó ẹran ara iyùn, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Florida ní 2014, dé Bonaire. Wọ́n ti àwọn ojú kan pa, wọ́n ní kí a máa fi oògùn fọ ohun èlò wa. Nígbà tí mo padà lọ wò ó, àwọn iyùn olópòó tí mo máa ń fi han àlejò ti funfun bí eegun. A kò lè fòfin dá àrùn tàbí òkun gbígbóná dúró ní Kralendijk. Ìdọ̀tí tó ń ti orí ilẹ̀ wá nìkan ni ọwọ́ ìlú yẹn ká.

Nítorí náà, tí ẹ bá fẹ́ kọ̀wé sí ìjọba erékùṣù náà bí ẹ ṣe sọ, ẹ má béèrè òǹkà òmùwẹ̀. Ẹ béèrè pé kí wọ́n má fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti kọ́lé níbi tí páìpù omi ẹ̀gbin kò bá dé, àti pé kí wọ́n kọ salina sínú ìwé bí ilẹ̀ tí a kò gbọ́dọ̀ dí. Ẹ tún béèrè nípa dọ́là 75 tí àlejò ń san ní àbáwọlé láti oṣù keje 2022. Àpò ìjọba ni ìyẹn ń lọ, kì í lọ sí ọgbà ìtọ́jú. Èrò mi ni pé ó yẹ kí wọ́n ya ìdá tó jọjú sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ fún páìpù àti fún dídá igi padà sórí òkè.

Àti pé kí a panu mọ́? Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn ẹgbẹ́ yín kí wọ́n lọ, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó san owó ilé, kí wọ́n kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ onílé ibi tí omi ìdọ̀tí rẹ̀ ń lọ. Mo máa ń béèrè fún gbogbo ẹni tí mo bá bá wá ibùgbé. Àwọn onílé tí páìpù ti dé ọ̀dọ̀ wọn ń dáhùn lọ́jọ́ kan náà. Àwọn tí kò bá dáhùn, a kì í sùn lọ́dọ̀ wọn.