Rọ́bà ìbọn ẹja kì í ṣe ohun tí a ń fi agbára apá nìkan fà

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn, nítorí pé ibi tí o ti sọ pé o dúró sí ẹ̀yìnkùlé yín ní Òkè-Baálẹ̀, tí o ti ìdí ìbọn ẹja náà, ìyẹn ohun èlò tí a fi agbára rọ́bà ta ọ̀kọ̀ sí ẹja lábẹ́ omi, mọ́ ikùn, tí o sì ń fi gbogbo agbára fa rọ́bà rẹ̀, mú kí ìka ọwọ́ òsì mi bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. O ní ẹ̀gbọ́n rẹ gbé e wá láti Sípéènì, pé ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 75, pé rọ́bà kan ṣoṣo tí ó nípọn tó mìlímítà 16 ni ó wà lẹ́nu rẹ̀, àti pé rọ́bà náà kò dé ibi eyín tí ó wà lára ọ̀pá ọ̀kọ̀, níbi tí ó yẹ kí ó há sí. O fẹ́ mọ̀ bóyá ikùn ni ó yẹ kí o gbé ìdí ìbọn lé tàbí àyà, àti bóyá kí o ra rọ́bà tí ó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. N óò dáhùn, ṣùgbọ́n kí o tó ka ọ̀rọ̀ yìí síwájú, jọ̀wọ́ tú rọ́bà náà kúrò lẹ́nu ìbọn, kí o sì gbé ọ̀pá ọ̀kọ̀ rẹ̀ sí yàrá mìíràn.

Inú omi nìkan ni a ti ń ki ìbọn yìí. Omi wúwo, ó sì máa ń dá ọ̀pá dúró láàárín mítà díẹ̀, ṣùgbọ́n lórí ilẹ̀ kò sí ohun tí yóò dín eré rẹ̀ kù títí tí yóò fi na okùn tí ó so ó mọ́ ìbọn tán, tí okùn náà yóò já tàbí tí yóò fa ọ̀pá padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó yìn ín. Ní ilẹ̀ Faransé, òfin ti ka á léèwọ̀ láti ọdún 1990 pé kí ẹnikẹ́ni di irú ìbọn bẹ́ẹ̀ mú ní kíkì nígbà tí kò sí nínú omi. Èmi kò mọ òfin náà nígbà tí mo ra tèmi, ẹni tí ó sì gba owó lọ́wọ́ mi láti kọ́ mi kò mẹ́nu kàn án rárá.

Ìyá mi jẹ́ ọmọ Ẹ̀jìgbò, o sì mọ̀ pé ọ̀nà Àbíjàn kò ṣàjèjì sí àwọn ará Ẹ̀jìgbò. Mo tẹ̀lé àwọn ẹbí wa lọ sí Côte d'Ivoire, mo sì ṣiṣẹ́ ní San-Pédro, níbi tí àpáta wà létí òkun, tí àwọn ọ̀dọ́ kan sì ń mòòkùn ta ẹja. Ọkùnrin kan tí ó ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà gba owó ọjọ́ méjì lọ́wọ́ mi. Ó lo ọjọ́ kan àti ààbọ̀ láti sọ ìtàn àwọn ẹja ńlá tí òun ti pa, ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ fún mi nípa kíkì ìbọn kò ju gbólóhùn kan ṣoṣo lọ, pé kí n fà á bí ọkùnrin. Títí di òní, ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń bí mi nínú, nítorí pé òun gan-an ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìka lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí mo wá sílé fún ọdún Iléyá, mo gbé ìbọn náà dání wá sí Òṣogbo. Àwọn ọmọ inú agbo ilé wa ní kí n fi bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ han àwọn. Mo dúró sí àárín ọgbà, mo gbé ìdí ìbọn lé ikùn gẹ́gẹ́ bí o ṣe ń ṣe yìí, mo gbá rọ́bà mú, mo sì fà á. Ọwọ́ ọ̀tún mi lágbára ju òsì lọ, bí ti ọ̀pọ̀ ènìyàn, nítorí náà apá ọ̀tún rọ́bà ti wá sẹ́yìn ju apá òsì lọ kí n tó mọ̀, ìkọ́ irin kékeré tí ó so apá méjèèjì pọ̀ sì ti dagun. Ẹ̀gbẹ́ kan ìkọ́ náà wọ inú eyín ọ̀pá, ẹ̀gbẹ́ kejì kàn gùn ún lórí ni. Lójú mi, ó ti wọ̀ tán. Mo dẹ ọwọ́ òsì díẹ̀ kí n lè sinmi, ìkọ́ náà sì yọ. Irin náà gba orí ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ òsì mi kọjá, ó gé ẹran ibẹ̀ kan egungun. Èmi kò tètè mọ ìrora náà. Igbe àwọn ọmọ ni mo kọ́kọ́ gbọ́, kí n tó wo ilẹ̀ tí mo rí ẹ̀jẹ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni ó dùn mí jù. A gbé mi dé ilé ìwòsàn kan, wọ́n sì béèrè ohun tí ó ṣe mí. Àbúrò bàbá mi dáhùn pé ìbọn ni. Bí obìnrin tí ó wà ní ìdí tábìlì ṣe gbọ́ ìbọn, ó gbé bíró sílẹ̀, ó ní kí a lọ gba ìwé wá lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. A ṣàlàyé pé rọ́bà ni, pé kò sí ẹ̀tù, kò sí ọta, pé ẹja ni a fi ń pa. Kò gbọ́. A dé àgọ́ ọlọ́pàá, ẹni tí a bá níbẹ̀ sì ń béèrè ìwé àṣẹ ìbọn, ó ní kí a lọ gbé ìbọn náà wá kí òun rí i, nígbà tí èmi jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú táwẹ̀lì tí ẹ̀jẹ̀ ti rin gbingbin. Láti ìrọ̀lẹ́ ni a ti ń rìn ín títí ilẹ̀ fi ṣú. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìbọn gidi ni ó bà mí, òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà tí wọ́n ṣe ní ọdún 2017 sọ pé ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ gba ẹni tí ọta ìbọn bà, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ láìka ìwé ọlọ́pàá sí, pé àwọn fúnra wọn ni yóò fi tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí méjì tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìtọ́jú kékeré kan ni ó wá fọ ojú ọgbẹ́ náà, tí ó sì rán an ní ojú mẹ́sàn-án. Iṣan ìka náà kò padà bọ̀ sípò dáadáa, n kò lè ká a dé àtẹ́lẹwọ́ mọ́. Nítorí náà, bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀ sí ọ, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, sọ pé irin ni ó gé ọ. Òtítọ́ ni, kò sì ní dá ẹnikẹ́ni níjì. Bí o bá sì ń gbé ìbọn náà rìnrìn àjò, tú rọ́bà, ọ̀pá àti ìdí rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí o tó dé ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń yẹ ẹrù wò, nítorí pé ní ẹnubodè kan, mo lo wákàtí mẹ́ta láti ṣàlàyé ohun tí ẹni tí ó dá mi dúró kò fẹ́ gbọ́.

Wàyí o, bí a ṣe ń kì í nìyí. Ọmọkùnrin kan ní San-Pédro, tí ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ni ó tún un kọ́ mi, kò sì gba kọ́bọ̀. Ti ọ̀pá bọ inú ìbọn títí ìwọ yóò fi gbọ́ ìró pé ó ti há, fà á síwájú díẹ̀ kí o rí i pé kò yọ, kí o sì yí okùn rẹ̀ mọ́ ibi tí wọ́n ṣe é sí. Èyí kò le. Wọ ìbọ̀wọ́. Lẹ́yìn náà, nínú omi tí ó jìn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ kò kan ilẹ̀, dúró ní ìnàró, kí ẹnu ìbọn kọjú síbi tí kò sí ènìyàn kankan, kí ìka rẹ má sì sí nítòsí ibi tí a ń fà láti yìn ín. Má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ohun ìdènà kékeré tí ó wà lára rẹ̀. Ó lè kùnà.

Fún ìbọn sẹ̀ǹtímítà 75, àyà ni o gbé ìdí rẹ̀ lé, lórí egungun igbá àyà gan-an, kí nǹkan tí ó nípọn sì wà lára aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ rẹ níbẹ̀. Ikùn rọ̀, ìdí ìbọn a máa yẹ̀ lórí rẹ̀, a sì tún máa tẹ ibi tí èémí rẹ wà. Ìbọn tí ó gùn tí ọwọ́ kò fi lè tó rọ́bà láti àyà ni àwọn ènìyàn máa ń kọ́kọ́ gbé lé ikùn tàbí itan, tí wọn yóò fi rọ́bà há eyín iwájú, kí wọ́n tó gbé e wá sí àyà láti fà á dé eyín ẹ̀yìn. Bí ọ̀pá tìrẹ bá ní eyín méjì, ìwọ náà lè fà á ní ìgbésẹ̀ méjì bẹ́ẹ̀, kí o sinmi láàárín wọn, ṣùgbọ́n láti àyà ni kí o ti ṣe méjèèjì. Gbá apá méjèèjì rọ́bà mú nítòsí ìkọ́, kí ọwọ́ rẹ méjèèjì wà ní ibi kan náà ní ọ̀tún àti ní òsì. Àwọn àgbà ní ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí, ọwọ́ méjì tí kò dọ́gba kò sì fa rọ́bà yìí dé eyín. Ẹ̀yìn rẹ ni kí o fi fà á, bí ẹni tí ń fa igbá omi láti inú kànga, kí ìgbọ̀nwọ́ ṣí sí ẹ̀gbẹ́. Tẹjú mọ́ ìkọ́ náà. Bí o bá rí i pé ó ti ń dagun, má ṣe parí fífà náà. Dá rọ́bà padà síwájú díẹ̀díẹ̀, kí o tún un bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó bá wọ eyín, má tíì dẹ ọwọ́: wo ọ̀tún, wo òsì, kí o rí i pé ó jókòó dọ́gba, kí o tó dẹ ọwọ́ méjèèjì papọ̀. Àkókò kékeré yìí ni ó ba ìka mi jẹ́.

Bí o bá fẹ́ kọ́ ọwọ́ rẹ nílé, gé túùbù ọ̀kadà ní ọ̀já gígùn, so ó mọ́ orí igi kan tí ó gùn tó ìbọn rẹ, gbé ìdí igi náà lé àyà, kí o sì máa fà á ní dídọ́gba, láìsí ìkọ́ irin, láìsí ọ̀pá. Ọ̀sẹ̀ méjì tó. O tún sọ pé o lè lọ dán ìbọn náà wò nínú odò Ọ̀ṣun. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí a ti dáyé bá a ni ẹja inú igbó Ọ̀ṣun ti jẹ́ èèwọ̀ fún pípa. Orúkọ oyè ọba wa gan-an, Atáọja, láti ara ẹni tí ó tẹ́wọ́ gba ẹja ni ó ti wá, UNESCO sì ti fi igbó náà kún àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé láti ọdún 2005. Àní ní ìta igbó pàápàá, àwọn tí ń wa góòlù ní òkè odò ti sọ omi náà di pípọ́n bí ẹrẹ̀, ẹni tí kò bá sì rí iwájú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ta ọ̀kọ̀ nínú omi.

Má sì ṣe mòòkùn ní ìwọ nìkan. Bí ẹnì kan bá wà lábẹ́, kí ẹnì kejì wà lókè, kí ó máa wò ó. Má ṣe mí hẹlẹhẹlẹ kí o tó mòòkùn, nítorí pé ó ń dín afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí tí ń rán ara létí láti mí kù, ènìyàn a sì dákú lábẹ́ omi láìsí ìkìlọ̀ kankan. Kí o sì tó jáde kúrò nínú omi, yọ rọ́bà kúrò ní eyín bí o ṣe fi í síbẹ̀, tàbí kí o yìn ín sínú omi níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni.

Ní ti rọ́bà tí ó gùn ju tìrẹ lọ tí o béèrè, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Wọn ibi tí rọ́bà ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ìbọn dé eyín ọ̀pá. Bí ó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60, ìlọ́po méjì rẹ̀, nítorí apá méjèèjì rọ́bà, jẹ́ 120. Rọ́bà a máa nà tó ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́ta àti ààbọ̀ gígùn rẹ̀. Pín in sí ọ̀nà mẹ́ta, ó di 40, pín in sí ọ̀nà mẹ́ta àti ààbọ̀, ó di nǹkan bí 34. Bí gígùn rọ́bà rẹ lápapọ̀, láìka ìkọ́, bá kéré sí 34, ó kúrú jù, pààrọ̀ rẹ̀. Bí ó bá wà láàárín méjèèjì, rọ́bà náà kò ní àléébù, ọwọ́ rẹ ni kò tíì mọ́ ọn. Fi omi tí kò ní iyọ̀ fọ̀ ọ́, má ṣe sá a sí oòrùn, bí o bá sì rí i tí ó là wẹ́wẹ́ lára, jù ú nù. Wọn ti ìbọn rẹ kí o sì kọ iye rẹ̀ sí mi, kí a jọ ṣírò rẹ̀.