Irinṣẹ́ kò lè kọ ohun tí kò sí nínú dátábéèsì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo fi irinṣẹ́ tbls ṣe ìwé àlàyé fún dátábéèsì MySQL wa. Mo wọlé bíi root (aṣàmúlò tó ní gbogbo àṣẹ), mo kọ ọ̀rọ̀ aṣínà mọ́ àṣẹ náà, ó sì ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ìlà kankan láàárín àwọn tábìlì nínú àwòrán, ibi tó yẹ kí àlàyé wà sì ṣófo. Ṣé kí n lọ lo SchemaSpy, irinṣẹ́ míì tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà?

Ìdáhùn: Ẹ má wulẹ̀ pààrọ̀ irinṣẹ́. Mo ti dáhùn irú ìbéèrè yìí títí ó fi sú mi, ohun kan náà ló sì máa ń fà á: àwọn èèyàn gbà pé irinṣẹ́ yìí lóye dátábéèsì. Kò lóye rẹ̀, kíkà ló ń kà á. Ó ń wọ inú information_schema, níbi tí MySQL ti ń ṣàfihàn orúkọ tábìlì, irú column (òpó inú tábìlì), index (atọ́ka tó ń mú wíwá yá) àti foreign key (ìkéde pé column kan ń tọ́ka sí tábìlì míì) hàn. Ó ń kó ohun tó bá níbẹ̀, ó sì ń tò ó sínú fáìlì Markdown pẹ̀lú àwòrán. Èyí tí kò bá níbẹ̀, ibo ni kó ti rí i?

Foreign key ni ìlà tí ẹ ń wá yẹn. Gbogbo ẹni tó ń kọ kóòdù lọ́dọ̀ yín lè mọ ibi tí customer_id ń tọ́ka sí, àmọ́ bí ẹ kò bá kéde rẹ̀ fún dátábéèsì, àárín yín ló mọ. Ẹni tó ṣe tábìlì náà tiẹ̀ lè búra pé òun kéde rẹ̀, kó sì jẹ́ òótọ́ ló sọ. Bí tábìlì bá jẹ́ MyISAM (ọ̀kan lára ọ̀nà tí MySQL fi ń tọ́jú tábìlì), MySQL á gba FOREIGN KEY lọ́wọ́ yín, á sì dà á nù láì sọ nǹkan kan. Títí dé MySQL 8, bí ẹ bá kọ REFERENCES sẹ́gbẹ̀ẹ́ column nìkan, bákan náà ló rí, àní nínú InnoDB, ọ̀nà ìtọ́jú tó ń gba foreign key. Ẹ fi SHOW CREATE TABLE, àṣẹ tó ń fi bí MySQL ṣe tọ́jú tábìlì hàn, yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá sí níbẹ̀, kò sí.

SchemaSpy lè fi orúkọ column tó jọra dábàá ìbátan, tbls náà sì lè ṣe é. Àbá ni o, kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ fọwọ́ ara yín kọ relations (ìbátan àwọn tábìlì) sínú .tbls.yml, fáìlì ètò tbls, ná. Fífi foreign key gidi kún tábìlì ńlá lè dá iṣẹ́ dúró, ó sì máa kọ̀ bí order kan bá ń tọ́ka sí oníbàárà tí kò sí mọ́. Mi ò rí dátábéèsì yín, nítorí náà orí ẹ̀dà dátábéèsì náà ni kí ẹ ti dán an wò.

Ti àlàyé tó ṣófo, ẹ̀yin lẹ máa kọ ọ́. Bí column status bá ní 1, 2, 3 àti 7, kò sí irinṣẹ́ tó lè mọ̀ pé 7 ni owó tí a dá padà. Àwọn kan á ní kí ẹ jẹ́ kí AI kún un. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é! Ẹni tó bá rí àyè òfìfo á béèrè. Ẹni tó bá rí àlàyé èké á gbà á gbọ́. Ẹ lọ bá ẹni tó dá 7 sílẹ̀ kó tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Inú apá comments ní .tbls.yml ni kí ẹ kọ ọ́ sí. Bí ẹ bá fẹ́ kó wà nínú MySQL fúnra rẹ̀, ALTER TABLE pẹ̀lú MODIFY ni, gbogbo bí column náà ṣe rí lẹ sì gbọ́dọ̀ tún kọ. Bí ẹ bá gbàgbé NOT NULL (kò gbọ́dọ̀ ṣófo) tàbí DEFAULT (iye tó máa ní bí a kò bá kọ ọ́), ó lọ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ aṣínà root tí ẹ kọ mọ́ àṣẹ yẹn, ẹ yí i padà lónìí. Ó ṣeé ṣe kó ti wà nínú history shell yín, ìyẹn àkọsílẹ̀ àwọn àṣẹ tí ẹ ti kọ. Ẹ ṣẹ̀dá aṣàmúlò tó lè ka dátábéèsì nìkan, kí ẹ sì gba ọ̀nà TBLS_DSN (environment variable tí tbls ń ka àdírẹ́sì àti ọ̀rọ̀ aṣínà dátábéèsì láti inú rẹ̀). Ẹ fún un ní SELECT (ẹ̀tọ́ láti kà) lórí gbogbo tábìlì o: èyí tí kò bá ní ẹ̀tọ́ sí, MySQL kò ní fi hàn án, ìwé yín á sì dà bí ẹni pé ó pé.

Nígbà tí àlàyé bá ti pọ̀ díẹ̀, ẹ tan requireColumnComment (òfin pé column kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní àlàyé) fún tbls lint, àyẹ̀wò inú tbls, kí ẹ sì fi tbls diff sínú CI, ètò tó ń dán kóòdù wò fúnra rẹ̀, kó máa ké bí tábìlì bá ti yàtọ̀ sí ìwé. Ẹ má tíì tan lint báyìí, ìkìlọ̀ á bò yín mọ́lẹ̀.