Ẹ Dá Àpótí Bàbá Yín Padà Sínú Iná

Ìbéèrè: Pacemaker, ẹ̀rọ kékeré tó ń mú kí ọkàn máa lù déédéé, wà láyà bàbá mi. Wọ́n ní háákà lè jókòó síbi kan kó dá ọkàn wọn dúró. Mo ti yọ àpótí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn kúrò nínú iná, ẹnì kan sì fẹ́ ta ẹ̀wù tó ń dí ìgbì rédíò fún wa. Ṣé ká rà á?

Ìdáhùn: Ẹ má rà á. Ẹ sì lọ ki wáyà àpótí yẹn bọ iná, kí ẹ tó ka ìyókù.

Ẹ̀ẹ̀kẹrin rèé lóṣù yìí tí wọ́n ń bi mí, inú ń bí mi sí àwọn tó ń fi ẹ̀rù pawó. Àpótí yẹn ló ń ka iṣẹ́ pacemaker tó ń fi ránṣẹ́ sí dókítà. Bí ẹ̀wù náà bá tiẹ̀ ṣiṣẹ́, àpótí ò ní gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Òótọ́ ni pé àléébù wà. Ní oṣù kìíní ọdún 2017, FDA, àjọ tó ń mójú tó irinṣẹ́ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, kéde àléébù kan tí háákà lè gbà wọlé nínú àpótí St. Jude Medical, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe pacemaker. Orí àpótí náà gan-an ni àtúnṣe gbà wọlé. Ẹni tó ti fa wáyà yọ kò rí i gbà. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn, ọ̀rọ̀ àléébù kan pacemaker fúnra rẹ̀, bíi 465,000 ní Amẹ́ríkà. FDA ò ní kí wọ́n là àyà ẹnikẹ́ni láti yọ ọ́. Ọ̀dọ̀ dókítà ni wọ́n ti ṣe àtúnṣe náà, bíi ìṣẹ́jú 3, tí ẹ̀rọ ń lu ọkàn ní ìgbà 67 ní ìṣẹ́jú kan títí ó fi parí. Wọn ò gbọ́ pé háákà pa ẹnikẹ́ni lára.

Inú ilé ìwòsàn lẹ̀rù ti ń bà mí. Mo ti rí ẹ̀rọ dírípù tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ sórí pílásítà, tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọ̀kan náà tó bá a wá láti ilé iṣẹ́. Nígbà tí WannaCry, fáírọ́ọ̀sì tó ń ti kọ̀ǹpútà pa kó tó béèrè owó, bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, kò sẹ́ni tó dojú kọ ọkàn aláìsàn kankan. Síbẹ̀, ní England, wọ́n sún iṣẹ́ abẹ síwájú, áḿbúláǹsì sì ń yà sí ibòmíràn.

Mi ò tíì rí bàbá yín o, dókítà ọkàn wọn ló láṣẹ. Ẹ ka nọ́ńbà tó wà lórí káàdì pacemaker wọn fún un, kí ẹ bi í bóyá àtúnṣe kan wà tí wọn ò tíì gbà. Bí òòyì bá kọ́ wọn tàbí wọ́n dákú, ẹ má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá háákà: ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.