Ẹ Wo Àkókò Omi Kí Ẹ Tó Yan Etíkun: Ìdáhùn Fún Ẹni Tó Ń Lọ Sí Ọgbà Igbó Olympic

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Àwa mẹ́rin, tí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan wà nínú wa, fẹ́ lo ọjọ́ méjì nílùú Forks, ní ìpínlẹ̀ Washington l'Amẹ́ríkà, nínú oṣù Keje. Àwọn etíkun inú ọgbà igbó ìjọba tó ń jẹ́ Olympic la fẹ́ rìn. Wọ́n ní òkun ibẹ̀ máa ń ká èèyàn mọ́ ìdí àpáta. Ṣé òótọ́ ni? Etíkun wo ló dáa fún wa, kí la sì máa mú dání?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe pé òkun á dédé ya lu èèyàn. Bó ṣe máa ń rí nìyí: omi á fà, iyanrìn á yọ síta nídìí àpáta tó nà wọnú òkun, èèyàn á gba ibẹ̀ kọjá sí òdìkejì, á jókòó, á máa ya fọ́tò. Nígbà tó bá fi máa padà, omi ti bo ọ̀nà. Àpáta tí kò ṣeé gùn wà lẹ́yìn rẹ̀, òkun wà níwájú. Nítorí náà, àtẹ ìkún àti ìfà omi lẹ ó kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó yan etíkun. Ti La Push, ìlú kékeré etí òkun tó wà nítòsí Forks, ni kí ẹ wá. Ti Seattle ò lè ṣe yín lóore kankan, torí omi ibẹ̀ kì í kún lásìkò kan náà pẹ̀lú ti etí òkun ńlá.

Ẹ̀ẹ̀mejì lomi ń kún, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń fà, láàárín nǹkan bíi wákàtí 24 àti ìṣẹ́jú 50. Ìdí nìyẹn tí àkókò rẹ̀ fi ń pẹ́ sí i lójoojúmọ́. Ìfà méjèèjì kì í dọ́gba, ibẹ̀ sì lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà: wọ́n á rí i pé omi máa fà láago báyìí, wọn ò ní wo nọ́ńbà ẹsẹ̀ bàtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyẹn bómi ṣe máa ga tó. Ìfà tó jẹ́ 0, tàbí tó ní àmì ìyọkúrò níwájú, ń ṣí ọ̀nà tí ìfà ẹsẹ̀ bàtà 3 ò ní ṣí. Nínú oṣù Keje, àárọ̀ ni èyí tó fà jìnnà jù sábà máa ń bọ́ sí, torí náà ẹ tètè jí. Ẹ tún wò ó bóyá àtẹ yín ti fi wákàtí kan tí wọ́n máa ń sún aago síwájú nígbà ooru kún un. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ fúnra yín ni kí ẹ fi kún un. Bí atẹ́gùn bá sì ń fẹ́ gidi láti ojú òkun, omi á ga ju ohun tí àtẹ sọ lọ.

Ẹ gbéra ní wákàtí méjì ṣáájú ìgbà tó máa fà tán, kí ẹ sì yí padà gẹ́rẹ́ tó bá ti fà tán. Díẹ̀díẹ̀ ló ń wọlé ní wákàtí àkọ́kọ́, ìyẹn ló ń tan èèyàn jẹ. Ní wákàtí kẹta àti ìkẹrin ló ń sáré jù: bí ìdajì gbogbo omi tó máa wọlé ló ń wọlé láàárín wákàtí méjì yẹn.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ lọ sí etíkun Rialto. Mọ́tò á gbé yín dé itòsí òkun. Ẹ kọjú sí àríwá, kí ẹ rìn tó máìlì kan àtààbọ̀ dé ibi tí wọ́n ń pè ní Hole-in-the-Wall, àpáta tí òkun ti lu ihò gbàràmù sí lára. Òkúta róbótó ló pọ̀ lọ́nà ju iyanrìn lọ, ó máa ń fa ọrùn ẹsẹ̀, ẹ má fi sílípáàsì lọ. Ẹ ó la odò kékeré kan kọjá, Ellen Creek, bàtà lè tutù. Inú ihò yẹn ò ṣeé gbà àfi tí omi bá fà dáadáa. Tí kò bá ṣeé gbà, ẹ wá àmì róbótó aláwọ̀ pupa àti dúdú létí igbó. Gbogbo ibi tẹ́ ẹ bá ti rí àmì yẹn ní etíkun yìí, ọ̀nà inú igbó tó gba orí àpáta kọjá ló wà níbẹ̀. Ẹ kọ́ ọmọ yín náà kó dá a mọ̀.

Inú kòtò omi tó ṣẹ́kù sáàárín àpáta lẹ ó ti rí ẹja oníràwọ̀, èyí tó jẹ́ elésèé àlùkò àti olómi ọsàn. Orí òkúta tí nǹkan kan ò hù sí ni kí ẹ tẹ̀. Ẹ má tu ohunkóhun kúrò lára àpáta, torí ẹja oníràwọ̀ tẹ́ ẹ bá fipá fà, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè já.

Lọ́jọ́ kejì, Second Beach ni kẹ́ ẹ lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ La Push tó jẹ́ ilẹ̀ àwọn Quileute, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà tó ni ilẹ̀ Amẹ́ríkà látilẹ̀wá. Ìrìn inú igbó tí kò tó máìlì kan ni, àtẹ̀gùn ló máa sọ̀ yín kalẹ̀ sétí òkun, lẹ́yìn náà ẹ ó gba orí òkìtì ìtì igi kọjá. Ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ wo ìgbì ná. Bí omi bá ti ń kan ìtì igi yẹn, ẹ má gùn ún, ẹ má sì jókòó tì í: omi tí ò jìn rárá lè gbé igi tó wúwo ju mọ́tò lọ, kó sì yí i lu èèyàn. Èyí ló ń bà mí lẹ́rù fún ọmọdé ju àpáta lọ. Kí ẹnikẹ́ni má kọ ẹ̀yìn sókun, torí ìgbì ńlá kan lè dédé jáde láàárín àwọn kéékèèké. Ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ lílúwẹ̀ẹ́; omi ibẹ̀ tutù nini, kódà nígbà ooru.

Third Beach náà dáa, máìlì kan ó lé díẹ̀ nínú igbó, àmọ́ ẹ má gbìyànjú láti gba ìdí Taylor Point, àpáta tó nà wọnú òkun ní gúúsù rẹ̀, kọjá. Kò sí bómi ṣe lè fà tó tó máa ṣeé gbà. Ní ti etíkun Ozette, ìrìn àlọ àtàbọ̀ ibẹ̀ lé ní máìlì mẹ́sàn-án lódindi. Ẹ fi sílẹ̀ títí ọmọ á fi dàgbà sí i. Bó bá rẹ̀ yín, Ruby Beach ò gba ìrìn púpọ̀.

Dọ́là 30 lowó ìwọlé fún mọ́tò kan, ọjọ́ méje ló sì ń lò. Ẹ mú aṣọ òjò, bàtà tí ìdí rẹ̀ ń di ilẹ̀ mú, àti omi mímu. Omi odò ibẹ̀ pọ́n bíi tíì. Ewé àti èèpo igi ló fún un láwọ̀ yẹn. Kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù, torí náà ẹ sè é tàbí kí ẹ sẹ́ ẹ kí ẹ tó mu ún. Ẹ tẹ àtẹ omi yín sórí bébà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dájú níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá yí èrò padà pé etíkun lẹ máa sùn, ẹ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, kí ẹ sì kó oúnjẹ sínú agolo líle tí béárì ò lè ṣí. Kì í ṣe béárì nìkan ni wọ́n ṣe òfin yẹn fún o: raccoon, ẹranko kékeré kan tó máa ń jí oúnjẹ, ló ń yọ wọ́n lẹ́nu jù níbẹ̀, ó mọ igi í gùn, kò sì sí àpò tẹ́ ẹ so rọ̀ tí kò ní dé.