Ẹ Bi Bàbá: Ta ló jàre, Bàbá àgbà àbí ọmọ ọmọ wọn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Tíṣà ni bàbá mi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Látìgbà tí Màmá ti lọ, sinimá àtijọ́ nìkan ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín: ti ogun, àti èyí tí wọ́n ti ń kọrin. Lọ́jọ́ Àìkú, a wo The Bridge on the River Kwai. Ọmọ mi ọkùnrin ní kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣe ibi tí afárá ti wó. Inú bí Bàbá, wọ́n wọ yàrá lọ. Wọ́n tún máa ń yin ohùn Audrey Hepburn nínú My Fair Lady, ọmọ yìí kan náà ní Audrey kọ́ ló kọrin ibẹ̀. Ta ló jàre? Báwo ni mo ṣe máa parí ìjà yìí?
Ọmọ Tíṣà, Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́.

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, lórí afárá, bàbá rẹ ló jàre. Ọdún 1957 ni fíìmù yẹn jáde. Ilẹ̀ tí à ń pè ní Sri Lanka lónìí ni wọ́n ti yà á. Igi ni wọ́n fi kan afárá náà sórí odò, wọ́n jẹ́ kí ọkọ̀ ojú irin gidi gba orí rẹ̀, wọ́n sì fi àdó olóró fọ́ ọ. Ìdí tí àyà wa fi ń já nìyẹn nígbà tí a wà lọ́mọdé: igi tó ń ya yẹn, igi ni, omi tó ta sókè yẹn, omi ni.

Ìtàn inú rẹ̀ ni wọ́n fi àròsọ kún. Lóòótọ́ ni àwọn ọmọ ogun Jàpáànì fi ipá mú ẹlẹ́wọ̀n ogun la ojú irin láti Thailand dé Bọ́mà, tí à ń pè ní Myanmar lónìí, ní 1942 sí 1943. Ó lé ní 12,000 nínú àwọn ẹlẹ́wọ̀n yẹn tó kú sí i, àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Éṣíà tó kú sì ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ọkọ̀ òfuurufú ló ju bọ́ǹbù ba afárá tòótọ́ jẹ́ ní 1945.

Àkúrẹ́ níbí lèmi ti kọ́kọ́ wò ó, mo wà ní fọ́ọ̀mù kẹta. Wọ́n ta aṣọ funfun mọ́ ògiri gbọ̀ngàn ilé ìwé. Ọyẹ́ ń fẹ́, aṣọ ń fì, ojú Alec Guinness, òṣèré inú fíìmù náà, ń wú, ó ń rọ̀. Bàbá kan wà ládùúgbò wa ní Òkè-Àró tí a ń pè ní Bàbá Bọ́mà. Wọ́n wà lára ọmọ Nàìjíríà tó lọ jagun níbẹ̀. Wọ́n gbé àpótí wọn wá, wọ́n jókòó sẹ́yìn. Nígbà tí afárá wó, gbogbo wa hó yèè, wọn ò mira. Èmi ni mo bá wọn ru àpótí délé. Wọ́n ní, “Igbó náà nìyẹn. Àmọ́ òjò ibẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.” Nígbà tó yá, wọ́n ní, “Mi ò rí ẹnì kankan tó jọ wá.” Mo fẹ́ràn fíìmù ogun títí di òní, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí mo wò tí mi ò fi ojú wá Bàbá Bọ́mà kiri inú rẹ̀.

Lórí orin, ọmọ rẹ ló jàre. Obìnrin olórin kan, Marni Nixon, ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú orin Audrey Hepburn nínú My Fair Lady ní 1964. Òun náà ló kọrin fún òṣèré Natalie Wood nínú fíìmù West Side Story. Ohùn rẹ̀ là ń gbọ́, ojú ẹlòmíràn là ń rí. Ṣùgbọ́n nínú The Sound of Music ti 1965, ó wà láàárín àwọn sísítà ilé ìjọsìn, ojú òun fúnra rẹ̀, ohùn òun fúnra rẹ̀. Ọjọ́ tí mo mọ̀ ọ́n, àfi bí ẹni rí ẹbí tó sọnù.

Torí náà, kí ọmọkùnrin yẹn wọlé tọ̀ wọ́n lọ, kó dọ̀bálẹ̀, kó ní, “Bàbá àgbà, ẹ̀yin lẹ jàre lórí afárá.” Kó má tíì dá ọ̀rọ̀ ohùn sílẹ̀. Tí ẹ bá gbé The Sound of Music sí i, kó na ọwọ́ sí sísítà yẹn, kó sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn. Kí ẹ ti jẹ iyán yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ o, fíìmù yẹn ń lọ sí wákàtí mẹ́ta.