Ẹ Bi Wá: Dọ́là oníràwọ̀, náírà DZ, àti ẹni tó fi áyọ́ọ̀nù lọ owó

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni mo ń gbé, nọ́ọ̀sì ni mí. Wọ́n fún mi ní ṣénjì lọ́jọ́ kan, ni mo bá rí dọ́là kan níbẹ̀ tó mọ́ bíi pé àná ni wọ́n tẹ̀ ẹ́, ìràwọ̀ kékeré kan wà nídìí nọ́ńbà rẹ̀. Ọmọ mi ní òun rí i lórí TikTok pé ó lè sọ mí di olówó. Ṣóòótọ́ ni? (Ìyá Ìbejì)

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ má ná an o, ṣùgbọ́n ẹ má tíì fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ mọ bí àwọn tó ń ta ẹyin ṣe máa ń ṣe, tí ọ̀kan bá fọ́ nínú kírétì wọ́n á mú òmíì dí àyè ẹ̀ kó lè pé 30, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe níbi tí wọ́n ti ń tẹ dọ́là. Bébà lè ya, yíǹkì lè fà, wọ́n á yọ èyí tó bàjẹ́ dànù, wọn ò sì ní dá ẹ̀rọ dúró torí kí wọ́n lè tún nọ́ńbà yẹn gan-an tẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn oníràwọ̀ tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀ ni wọ́n á fi rọ́pò ẹ̀, iye á pé, ó parí. Láti 1910 ni wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Ohun tí TikTok ò sọ fún ọmọ yín ni pé oníràwọ̀ pọ̀ nílẹ̀ jàre. Wọ́n lè tẹ 3,200,000 lẹ́ẹ̀kan náà, irú ìyẹn ò ṣòro rí. Èyí táwọn tó ń kó owó jọ (mi ò sọ ti báńkì o, àwọn tó ń kó o jọ bí ẹni ń kó sítáǹbù) máa ń wá kiri ni èyí tí wọn ò tẹ̀ tó nǹkan, bíi 640,000 sísàlẹ̀. Nọ́ńbà tó wà lórí ẹ̀ ni ẹ máa fi wádìí iye tí wọ́n tẹ̀.

Àmọ́ kẹ́ ẹ tó gbé e pa mọ́, ẹ wo ọdún tó wà lára ẹ̀. Tó bá jẹ́ 2013, tí nọ́ńbà náà sì fi B bẹ̀rẹ̀, B yẹn túmọ̀ sí báńkì New York, ẹ jókòó dáadáa. Wọ́n ṣe àṣìṣe kan lórí ẹ̀, ilé ìtẹ̀wé owó tó wà ní Washington tẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn náà èkejì tó wà ní Fort Worth níbẹ̀ ní Texas yín tún tẹ nọ́ńbà kan náà gan-an, iye tí nọ́ńbà wọn bára mu yìí ju mílíọ̀nù 6 lọ. Ti Fort Worth ní FW kékeré níwájú, ti Washington ò ní. Ẹni tó bá rí méjèèjì tí nọ́ńbà wọn bára mu rẹ́gí, owó gidi ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, torí náà àwọn èèyàn ń wá èkejì tiwọn kiri bí ẹni ń wá ìbejì tó sọ nù, ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ nípa ìbejì.

ÌBÉÈRÈ: Inú àpótí bàbá mi l'Abẹ́òkúta la ti rí náírà kan onípépà, ti Herbert Macaulay, DZ ló bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà ẹ̀. Kò ká rárá. Àbúrò mi ní ká lọ tà á lọ́jà.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú orí ire! DZ yẹn ni ìràwọ̀ tiwa, òun ni wọ́n fi ń dá owó arọ́pò mọ̀ láyé ìgbà yẹn. Ọdún 1979 ni Macaulay kọ́kọ́ jáde lórí náírà kan, wọ́n pa àwọ̀ owó dà ní 1984, nígbà tó sì di 1991 wọ́n sọ náírà kan di onírin. Èyí tó là á já láì ká, láìjẹ́ pé ẹnì kan fi itọ́ sọ́wọ́ kà á, kò wọ́pọ̀, ẹ jẹ́ á sòótọ́, ta ló ń fi náírà kan pamọ́ nígbà yẹn?

Ti ọ̀rọ̀ ọjà yẹn, ẹ rọra o. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007, abala 21, ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ta owó tí báńkì náà gbé jáde, ẹ̀wọ̀n oṣù 6 ó kéré tán, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní N50,000, tàbí méjèèjì. Àwọn tó ń ta mínt lóde àríyá ni gbogbo wa ń rò, ṣùgbọ́n ẹ bi lọ́yà kẹ́ ẹ tó gbé e jáde. Ní báyìí ẹ yọ káńfọ̀ kúrò nínú àpótí yẹn, kẹ́ ẹ wá ọ̀rá Mylar tí kò ní PVC (irú ike kan), torí PVC máa ń mú bébà rọ̀, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ọn.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n fún mi ní 100 tírílíọ̀nù dọ́là Zimbabwe, ZA ló bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà ẹ̀. Ó ká láàárín, mo bá fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ díẹ̀, ó wá tẹ́jú bíi tuntun. Eélòó ni kí n pè é?

ÌDÁHÙN: Háà, ẹ̀gbọ́n! AA ló wọ́pọ̀, ZA ni arọ́pò, èyí tó dáa gan-an lẹ mú. Ṣùgbọ́n ojú àwọn tó ń fún owó ní máàkì, bíi PMG, tí 70 jẹ́ òpin máàkì wọn, kò ní ṣàì rí i. Láti 60 sókè ni wọ́n ń pè ní èyí tẹ́nìkan ò tíì ná, àti 65 lọ sókè, bébà ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́. Ìlà tó ká yẹn ṣì wà ńbẹ̀, tí wọ́n bá gbé e sókè sí iná wọ́n á rí i, iná áyọ́ọ̀nù sì ti pa ara bébà fúnra ẹ̀, ìyẹn ló burú jù. Ìlú ibẹ̀ gan-an ti fòpin sí owó yẹn láti 2015, ẹ ò lè fi ra búrẹ́dì. Ẹ fi sínú férémù kẹ́ ẹ gbé e kọ́ pálọ̀, ẹ ṣáà má jẹ́ kó dojú kọ fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé.